Ẹ Má Jẹ́ Kí Podcast Ìlú Wa Di Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ọ̀rọ̀ tí a bá ìgbìmọ̀ ìròyìn àti àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. A gbé e síbí fún gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò lè wà níjòókòó.

   

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí podcast tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn ìyá àti bàbá wa tí orúkọ yẹn ṣàjèjì sí, podcast ni ètò bíi ti rédíò tí a ti gbà sílẹ̀, tí a gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó bá wù lè gbọ́ nígbà tó bá ráyè. Ọdún 2004 ni akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ben Hammersley, kọ orúkọ yẹn sínú ìwé ìròyìn Guardian. Nígbà tó fi di 2005, Apple ti gbé e sínú iTunes, bó ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe nìyẹn.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ti ń jíròrò lé lórí: irú makirofóònù tí a máa rà, orúkọ ètò, àwòrán, orin ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Bí a bá sọ̀rọ̀ tán, báwo ni ẹni tó gbọ́ ọ ṣe máa fèsì, kí la sì máa fi èsì rẹ̀ ṣe? Bí a ò bá tíì mọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká ṣì tọ́jú owó makirofóònù yẹn ná.

ORÚKỌ TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA FÚN UN

Ní 1935, ìjọba amúnisìn gbé ètò kan wọ Èkó tí wọ́n ń pè ní Rediffusion. Nígbà tó di 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré kan ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri. Wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀, onílé á sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ máa gbọ́. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pa á ni, kò sí ibòmíì tí ẹ lè yí i sí.

Àwọn ènìyàn wa wò ó, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ tú orúkọ náà wò: èyí tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Títí dòní, orúkọ yẹn là ń pe rédíò nígbà tí a bá fẹ́ sọ Yorùbá tó jinlẹ̀. Lójú tèmi, ìyanu wà nínú orúkọ yẹn, ẹ̀sùn náà sì wà níbẹ̀. Nítorí láàárín àwa, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣáá tí kì í fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹlòmíì, ẹ mọ irú ojú tí a fi ń wò ó.

Ẹ ṣáà wo ààlọ́. Ẹni tó ń pa á kò lè dá a pa. Ó máa ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ á ní, "Ààlọ̀!" Bí wọn ò bá dáhùn, kò ní bẹ̀rẹ̀. Bó bá dé ibi orin, òun á lé e, àwọn ọmọ á gbè é. Ọmọ tó bá gbe orin, kò ní sùn. Ọmọ tí kò bá gbè é, kó tó pẹ́, ó ti ń tòògbé. Gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó ń kọ́ ara wọn nílé ẹ̀kọ́ lónìí nípa bí a ṣe ń mú olùgbọ́ dání, ó ti wà nínú ìyẹn.

Àwọn oníwèé ìròyìn wa náà mọ̀ ọ́n. Ní 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Ni wọ́n bá ń kọ lẹ́tà wá, olóòtú sì ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ní 1930 ó di odindi ìwé. Ẹni tó bá mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà òun jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, dandan ni kó ra ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ti Thomas, ìtàn àròsọ ni. Tiwa, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìlú ni.

Nígbà tí GSM dé ní 2001, rédíò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbèsì gan-an. Ní 2003, Globacom tí ọmọ ìlú wa, Mike Adenuga, dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan dípò odindi ìṣẹ́jú. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ẹni tó bá fẹ́ sọ gbólóhùn méjì péré fún olóòtú ètò, owó gbólóhùn méjì ló máa san. Lónìí, ẹ tan rédíò èyíkéyìí ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn, tàbí Eagle 102.5 tó wà ní Ìlèsè-Ìjẹ̀bú tó sún mọ́ wa, kò ní pẹ́ tí ẹ máa gbọ́, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá wa sọ̀rọ̀, láti ibo?"

Rédíò ti kọ́ bí a ṣe ń gbèsì tán, ni podcast bá dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gbà á sílẹ̀, ọjọ́ Ẹtì lẹnìkan ń gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ohun tó kì sétí, òun nìkan. Bí inú rẹ̀ bá sọ pé, "Rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀, bàbá mi wà níbẹ̀," kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti padà wálé nìyẹn, inú fóònù ló wà báyìí.

OHUN TÓ WÀ NÍLẸ̀

Kí ló kàn wá nínú ẹ̀? Ẹ mú fóònù yín, ẹ fà gúrúùpù WhatsApp wa sókè díẹ̀. Ẹ máa rí ẹ kú ọjọ́ ìbí, ìkéde ìsìnkú, àdúrà àárọ̀, lẹ́yìn náà, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí owó ẹgbẹ́." Ọmọ wa kan tó wà lókè òkun, tí kò sọ nǹkan kan láti ọdún tó kọjá, ìgbà tí a bá fẹ́ gba owó nìkan la máa ń rántí orúkọ rẹ̀. Kò bínú jáde o. Ó kàn pa ohùn gúrúùpù náà lórí fóònù rẹ̀ ni. Irú wọn pọ̀. A ń kà wọ́n mọ́ iye tí a jẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò sí pẹ̀lú wa.

Ẹ tún wo apá kejì. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ́ igi gẹdú jáde nínú igbó wa, tó mọ ìgbà tí owó kòkó ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílùú yìí, tó mọ oríkì agbo ilé kọ̀ọ̀kan, wọn ò sí lórí Spotify. Òmíràn nínú wọn, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dọọdún là ń sin díẹ̀ nínú wọn, ìmọ̀ wọn sì ń bá wọn lọ. Èdè Ìjẹ̀bú wa pàápàá, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó ò gbọ́ ọ mọ́, ká má tíì sọ ti àwọn tí wọ́n bí sí London.

Àwọn méjèèjì yìí ni podcast lè mú pàdé: ọmọ tó dákẹ́ lókè òkun, àti àgbà tí ẹnìkan ò bi léèrè ọ̀rọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé alága, akọ̀wé àti akápò ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, wọn ò ní pàdé. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

OHUN TÍ MO NÍ KÍ A ṢE

Èkíní: ìbéèrè kan ṣoṣo ní ìparí ètò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kéré. Ẹ má béèrè pé, "Kí lẹ rí sí ètò wa?" Ìbéèrè yẹn tóbi jù, ẹni tó rẹ̀ kò ní dáhùn ẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ènìyàn lè fi ìdajì ìṣẹ́jú sọ láìronú. "Nílé tiyín, kí lẹ máa ń fi sí ìkọ́kọrẹ́ tí àwọn ará ilé kejì kì í fi sí i?" Ẹ béèrè ìyẹn, kí ẹ wá wò ó bóyá àwọn ìyá wa máa dákẹ́! "Kí lorúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè yín nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?" Ẹni tó bá dáhùn kékeré lónìí ló máa dáhùn ńlá lọ́la, nígbà tí a bá béèrè pé kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe fún ọjà tàbí fún ilé ìwòsàn.

Ṣé ẹ mọ ètò Másọ̀yìnbó tí Ọlálékan Fabilola ń ṣe lórí YouTube? Wọ́n á ní kí ènìyàn máa sọ Yorùbá, kó má sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé tí ẹ ń wò ó, ẹ̀yin náà á ti máa dáhùn. Ẹ á ti máa pariwo pé, "Ó ti sọ ọ́! Ó ti sọ Gẹ̀ẹ́sì!" Kò sẹ́ni tó pè yín, ẹ ti bá wọn dá sí i. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kí a máa wá.

Èkejì: ẹ dá ohùn wọn padà fún wọn. Láti 2013 ni WhatsApp ti ní voice note, àwọn ènìyàn wa sì fẹ́ràn rẹ̀ ju kíkọ lọ, nítorí kò gba gírámà. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ètò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohùn olùgbọ́ mẹ́ta, kí ó tó kan ohùn olóòtú. Ẹ dá orúkọ wọn, ẹ dá àdúgbò wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé gúrúùpù ẹbí rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí rẹ̀, àti ti ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé, ló máa gbé e lọ. Kò sí ìpolówó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì san kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tí a kò sì lè fi ohùn rẹ̀ sí i, kí ẹnìkan fèsì fún un pé, "A gbọ́ ọ o, ẹ ṣé." Iṣẹ́ ènìyàn kan nìyẹn nínú ìgbìmọ̀, kí ó má ṣe nǹkan míì.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fi ẹni tí dáátà rẹ̀ kéré sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a bá fún pọ̀ sí 64 kbps máa gba nǹkan bíi MB 14. Bí a bá fi í sí 128 kbps, ó ti di MB 29. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni tiwa, kì í ṣe orin, èyí tó kéré yẹn tó. Bí a bá sì gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò tó MB 5. Ẹ gbé e sórí Spotify àti Apple fún àwọn tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gé e ní mẹ́wàá-mẹ́wàá fún WhatsApp. Ẹ sì wá ọmọ kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, tó máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, tó sì máa gba èsì wọn sórí fóònù tirẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ní ìsọ̀ aránṣọ, ní ọjà, sípíkà kékeré kan lè mú ogún ènìyàn gbọ́ ètò kan pọ̀. Wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á sì bá ara wọn jiyàn lé e. Iyàn yẹn gan-an ni kí ọmọ náà gbà sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí ó kárí. Ojowo, Japara, Òkè-Sopin, Òkè-Àgbò, Atikori: ẹ mọ̀ pé bí àdúgbò kan bá gbọ́ ohùn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ìkejì ò gbọ́ tirẹ̀ rárá, wàhálà dé nìyẹn. Ẹ pín in ní kíkọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ìlú rí i. Ẹ lo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ pẹ̀lú, nítorí àwa Ìjẹ̀bú ti mọ bí a ṣe ń fi ọjọ́ orí ṣe ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá mọ̀ pé tàwọn ló kàn lóṣù tó ń bọ̀, àwọn fúnra wọn máa wá ẹni tó máa sọ ìtàn, wọ́n á sì wá olùgbọ́ kí wọ́n má bàa tẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní OOU, Ago-Ìwòyè, àti ní Abraham Adesanya Polytechnic níbí lè máa ṣe àtúntò ohùn fún wa. Ẹ fún wọn lówó dáátà, ẹ dárúkọ wọn lórí ètò.

Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, ẹ ṣe é ní ojúkojú lórí ẹ̀rọ, kí gbogbo ènìyàn lè sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú níbí dára. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́hùn-ún, aago mẹ́jọ náà ni ní London, mẹ́ta ọ̀sán ni ní Toronto, méjì ọ̀sán ni ní Houston. Bí òtútù bá dé, ó máa fi wákàtí kan dín sí i fún wọn. Kò sẹ́ni tó máa jí lóru.

Ẹ̀karùn-ún, èyí ló le jù: ẹ má sá fún èsì tó korò. Bí a bá ṣílẹ̀kùn èsì, kì í ṣe ìyìn nìkan ló máa wọlé. Ẹnìkan máa béèrè pé, "Owó tí a dá fún iṣẹ́ yẹn, ibo ló dé?" Bí a bá pa voice note yẹn rẹ́, gbogbo ìlú máa gbọ́ pé a pa á rẹ́, podcast wa á sì kú lọ́jọ́ yẹn. Tèmi ni pé kí ìbéèrè tó le jù jẹ́ èyí tí a máa kọ́kọ́ gbé síta, níwọ̀n bí kò bá sí èébú nínú rẹ̀, kí ẹni tó kàn sì dáhùn pẹ̀lú ìwé ìṣirò lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó bá dáhùn irú ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀mejì péré, kò ní máa bẹ ènìyàn kó tó san owó ẹgbẹ́.

Ààlà wà níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí, ọ̀rọ̀ oyè tó wà ní kóòtù, ẹ̀sùn olè tí kò sí ẹ̀rí, a ò gbọdọ̀ gbé e jáde. Ẹ má sì lo ohùn ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ. Láti 2023 ni òfin ààbò dáátà ti wà ní Nàìjíríà, ohùn ènìyàn sì jẹ́ ohun ìní rẹ̀. Ìbéèrè kúkúrú kan tó: "Ṣé a lè fi èyí sórí ètò?" Kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ká tó lò ó.

Ẹ̀kẹfà: ohun tí ẹ máa kà. Ẹ̀rọ máa sọ fún yín pé iye ìgbà báyìí ni wọ́n fa ètò sórí fóònù. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn gùn yín. Fóònù lè fa ètò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹni tó ni ín má gbọ́ ọ láéláé. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ nǹkan mẹ́ta sí i: èsì mélòó ló wọlé? Mélòó nínú wọn ló wá látọ̀dọ̀ ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rí? Kí la ṣe nítorí ohun tí wọ́n sọ? Bí ìlà kẹta yẹn bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, à ń ṣeré ni. Tí wọ́n bá ní iná ojú títì kan ti kú, tí a sì pe ẹni tó yẹ ká pè, ẹ padà wá sọ ọ́ lórí ètò, yálà wọ́n tún un ṣe tàbí wọn ò tún un ṣe. Olùgbọ́ tó bá mọ̀ pé wọ́n lo ọ̀rọ̀ òun, ó máa tún sọ̀rọ̀.

KÍ A TÓ TÚKÁ

Àwọn kan máa sọ pé ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ètò tó dùn ná, àwọn olùgbọ́ á wá fúnra wọn. Mo gbọ́. Ohùn tó já gaara dára, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ètò tó dùn ju tiwa lọ ti kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó lówó ló ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò lè ṣe ni kí wọ́n mọ ilé tí ẹni tó ń gbọ́ ti wá, kí wọ́n pe orúkọ ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì bi í léèrè ohun tí òun nìkan mọ̀. Àwa lè ṣe é. Ohun tí a ní nìyẹn, ẹ jẹ́ ká lò ó.

Nítorí náà, mo ń dá a lábàá pé kí a má tíì ra nǹkan kan. Oṣù méjì àkọ́kọ́, kí a kó èsì jọ lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ wa. Tí èsì bá wọlé, ẹ ra makirofóònù, èmi náà máa dá sí i. Tí kò bá wọlé, ẹ jẹ́ ká lọ tún ìbéèrè wa ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí gúrúùpù, ẹ má kàn gbé e fún ẹlòmíì kí ẹ sì máa lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú wo ni ìyá tàbí bàbá yín máa ń sọ, tí ẹ ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́? Ẹ pè é bí wọ́n ṣe ń pè é, ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ sọ àdúgbò yín. Ìdajì ìṣẹ́jú péré. Ẹ fi voice note yín sílẹ̀ nínú gúrúùpù yìí kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Bí ẹ bá ní àgbà nítòsí, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Ìjẹ̀bú-Igbó á gbè wá o. Ohùn wa ò ní pa mọ́ ìlú wa létí. Àṣẹ.  Ó ti kan ẹ̀yin náà báyìí, àwa la máa fetí sílẹ̀.